Omi Jíjò Nínú Ọkọ̀ Onígbòkun Kékeré Tó Ti Pẹ́

Omi jíjò wọ́pọ̀ gan-an nínú àwọn ọkọ̀ onígbòkun kéékèèké tí wọ́n fi fáíbà ṣe ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù láàárín ọdún 1960 sí 1985. Fáíbà fúnra rẹ̀ kì í tètè bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wọn ṣì fi wà lórí omi. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi dí ìdí àwọn irin orí ọkọ̀ àti etí fèrèsé ló máa ń kọ́kọ́ gbó: á gan, á sán, omi á sì rí ojú wọlé. Àpẹẹrẹ kan tó gbajúmọ̀ ni Catalina 22, tí Frank Butler gbé jáde ní California nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ. Èyí tí wọ́n ti ṣe nínú rẹ̀ lé ní 15,000, nítorí náà ibi tó ti máa ń jò kò ṣàjèjì sí àwọn tó ń tún un ṣe.

Irú omi tó wà nínú ikùn ọkọ̀ ni kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀. Bí kò bá sí epo lójú rẹ̀, kí a ti ìka bọ̀ ọ́, kí a fi kan ahọ́n. Bó bá níyọ̀, òkun ló wọlé. Bí kò bá níyọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òjò. Ẹ̀rù omi òkun ló máa ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n òjò ló ń pa ọkọ̀ àtijọ́ jù. Pèpéle tí à ń tẹ̀ lórí ọkọ̀ kì í ṣe fáíbà pọ́ńbélé. Awọ fáíbà méjì ni, igi wà láàárín wọn: plywood nínú Catalina 22, igi balsa fífúyẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn. Iyọ̀ kì í jẹ́ kí olú tó ń jẹ igi ráyè, omi òjò kò sì ní irú ìdènà bẹ́ẹ̀. Òjò tó ń gba ihò bóòtù kan ṣoṣo wọlé lè mú kí igi náà máa jẹrà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fura. Òòlù kékeré ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: ibi tó ṣì le á dún kó-kó-kó, ibi tó ti jẹrà á dún bù-bù.

Wíwá ojú ibi tó ń jò gba sùúrù, torí ibi tí omi yọ sí kì í sábà jẹ́ ibi tó gbà wọlé. Ó lè gba abẹ́ irin kan wọlé níwájú ọkọ̀, kó rìn láàárín pèpéle àti àjà inú yàrá, kó wá máa kán sórí ibùsùn lẹ́yìn. Ẹni tó bá ń fún gọ́ọ̀mù sí ibi tó ti rí omi láti inú, ńṣe ló ń sé omi mọ́ inú igi. Kí a nu inú ọkọ̀ gbẹ, kí a bu páúdà sí i kí ipa omi lè hàn. Lẹ́yìn èyí, kí ẹnì kan wà nínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹnì kejì máa fi rọ́bà da omi sí ìta, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kó sì dúró pẹ́ díẹ̀ ní ojú kan kó tó sún. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi á ṣàn bo gbogbo ìsàlẹ̀, a ò sì ní mọ èwo ló jẹ̀bi.

Ọ̀nà míì ni kí a fi tẹ́ẹ̀pù dí ilẹ̀kùn àti gbogbo ojú afẹ́fẹ́, kí a fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sínú yàrá, kí a wá da omi ọṣẹ sí ara ọkọ̀ níta. Bí fọ́kánáísà ṣe ń mọ ojú ihò tíúbù nígbà tó bá rì í sínú omi, bẹ́ẹ̀ náà ni ọṣẹ á máa hó níbi tí atẹ́gùn ti ń jáde. Mo fara mọ́ ọ̀nà yìí ju ti rọ́bà lọ, nítorí ẹnu ihò gan-an ló ń fi hàn.

Àwọn ibi tó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí ni etí fèrèsé, ojú ìsopọ̀ pèpéle àti ara ọkọ̀, ìdí òpó, àti ẹsẹ̀ àwọn irin tó di okùn òpó mú. Èyí tó kẹ́yìn yìí léwu jù. Irin stainless nílò afẹ́fẹ́ kó má baà dógùn-ún. Níbi tó ti gba inú pèpéle tútù kọjá, tí afẹ́fẹ́ kò dé, ìpata lè jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀ títí á fi já, òpó á sì wó.

Bí bóòtù kan bá ń jò, fífún gọ́ọ̀mù yí i ká kì í ṣe àtúnṣe. Kí a tú irin tí bóòtù náà dè mú kúrò pátápátá, kí a fá gọ́ọ̀mù àtijọ́ tán. Kí a lu ihò rẹ̀ fẹ̀ sí i, kí a ha igi tó ti rọ̀ kúrò, kí a jẹ́ kí inú rẹ̀ gbẹ, kí a wá fi epoxy tó ki dí i. Bó bá gan, a óò lu ihò tó ṣe wẹ́kú bóòtù sí àárín epoxy yìí. Láti ìgbà náà lọ, bí gọ́ọ̀mù bá tún gbó, omi lè kán sínú yàrá, ṣùgbọ́n kò ní dé ara igi mọ́. Nígbà tí a bá ń dè é, nọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀ ni ká yí. Bí orí bóòtù bá yí, á já gọ́ọ̀mù tó lẹ̀ mọ́ ọn.

Gọ́ọ̀mù kò rí bákan náà. Butyl dára fún irin orí pèpéle, ó sì rọrùn láti tú. 3M 5200 máa ń lẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ tú irin lè ya fáíbà mọ́ ọn. Polysulfide ń ba àwọn ike fèrèsé kan jẹ́. Silicone bá ike mu, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù mìíràn kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ibi tó ti kàn.

Ọkọ̀ onípákó, irú bíi Folkboat tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kàn ní Sweden lọ́dún 1942, ní ìwà tirẹ̀. Bí ó bá pẹ́ lórí ilẹ̀, pákó á súnkì, omi á sì máa wọlé nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ tì í sómi, títí pákó á fi mu omi, tí á wú, tí á sì para dé.

Ojú ibi tó ń jò lábẹ́ omi kò ṣeé fi dọ̀la. Ihò tó fẹ̀ tó mílímítà 25, tó sì wà ní sẹ̀ǹtímítà 60 lábẹ́ ojú omi, lè gba nǹkan bí lítà 60 wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan. Nínú Catalina 22 tí irin ìdí rẹ̀ ṣeé fà sókè, ibi tó yẹ ká máa ṣọ́ ni rọ́bà tí wáyà irin náà ń gbà kọjá wọ inú ọkọ̀: kí a pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti sán, kí a sì yẹ àwọn ìdè rẹ̀ wò fún ìpata. Fáàfù kọ̀ọ̀kan tó wà nísàlẹ̀ yẹ kó ṣeé ṣí kó sì ṣeé tì, kí a sì so èèkàn igi rírọ̀ tó ṣe é dí ẹnu ihò náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí ọwọ́ á ti tó o nínú òkùnkùn.