Ọrun Tí Apá Lè Fà

Bí ẹ bá dúró ní ìkóríta Ìkòtún lónìí, ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ọkọ̀, ilé àti ọjà ni yóò kún ojú yín. Ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ni ó ń gbé ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan. Láti ibẹ̀ lọ dé Ìgàndò, kí a tún yà sí Ẹ̀gbẹ̀dá, ó ṣòro kí ẹ tó rí ibi tí ẹtu kan lè fara pamọ́ sí. Síbẹ̀, ilẹ̀ ọdẹ ni ilẹ̀ yìí. Àwọn Àwórì ni ó tẹ̀ ẹ́ dó, ọdẹ sì ni ẹni tí wọ́n ń pè ní baba wọn. Ògúnfúnminírè ni orúkọ rẹ̀, Ọlọ́fin ni oyè rẹ̀. Àwọn àgbà a máa sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni ó ti wá, pé àwo kan ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń tẹ̀ lé lójú omi, àti pé ní Ìṣẹrí ni àwo náà rì sí. Nígbà tí wọ́n béèrè àwo, èsì tí wọ́n gbọ́ ni pé àwo ti rì. Ibẹ̀ ni orúkọ Àwórì ti jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwo kọ́ ni mo bá wá lónìí, ọ̀rọ̀ ọdẹ ni. Kí ìbọn tó dé, kí ni ọdẹ mú dání? Báwo ni ó sì ṣe ń mọ èyí tí ó yẹ òun?

Ọrun àti ọfà ni. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe orúkọ náà dáadáa: ọrun tí a fi ń tafà kì í ṣe ọ̀run tí ó wà lókè, kì í sì í ṣe ọrùn tí ó gbé orí dúró. Igi tí ó le, tí ó sì ń tẹ̀ láìṣẹ́, ni a fi ń ṣe é. A ó so ọṣán mọ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì, a ó sì kó ọfà sínú apó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọrun tí ó le jù ni ọrun ọdẹ tí ó gbójú jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní agbára ọrun ná. Bí a bá fi ọrun kọ́ sí èèkàn lára ògiri, tí a so ẹrù mọ́ àárín ọṣán rẹ̀, bí ẹrù náà bá ṣe ń wúwo sí i ni ọṣán yóò ṣe máa wálẹ̀ sí i. Ìwọ̀n ẹrù tí ó fa ọṣán dé ibi tí ọfà gùn mọ, òun ni agbára ọrun náà. Pọ́ùn ni àwọn tafàtafà òde òní fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin àgbà mọ garawa gálọ́ọ̀nù mẹ́rin tí wọ́n fi ń kó epo òyìnbó wá láyé ọjọ́sí. Bí a bá pọn omi kún un, omi náà yóò wọn 40 pọ́ùn, èyí tí í ṣe nǹkan bíi kílò 18. Nítorí náà, ẹni tí ó fa ọrun 40 pọ́ùn dà bí ẹni tí ó fi ìka mẹ́ta péré gbé garawa omi, tí apá rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbọ̀n, tí ojú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kúrò lára ẹran. Ẹ gbé e wò nílé, kí ẹ máa ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá. Ẹ ó rí i pé iṣẹ́ ẹnu kọ́ ni.

Nígbà tí ọrun bá le ju apá lọ, apá a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kí ọdẹ tó rí àyè fojú sun ẹran. Yóò wá yára tú ọṣán sílẹ̀. Ọfà a ba ẹran ní ikùn tàbí ní itan, dípò ẹ̀yìn apá iwájú níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà. Ẹran a sá wọgbó, a sì kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Bí ó bá jẹ́ ìgalà, oúnjẹ ilé ni ó ṣòfò. Bí ó bá jẹ́ ẹfọ̀n, ó lè jẹ́ ọdẹ gan-an ni kò ní padà wálé. Ṣùgbọ́n bí ọrun bá rọ̀ jù, ọfà kò ní wọlé tó. Níbo wá ni ìwọ̀n rẹ̀ wà?

Iṣẹ́ tí a rán ọfà ni ó ń dá wa lóhùn. Ẹ wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1545, ọkọ̀ ogun Ọba Henry Kẹjọ kan tí à ń pè ní Mary Rose rì sínú òkun. Àwọn òmùwẹ̀ tú àwókù rẹ̀ wò, wọ́n sì gbé e jáde ní 1982. Ọrun tí wọ́n bá níbẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ju 100 pọ́ùn lọ, garawa omi méjì àti ààbọ̀! Ogun ni wọ́n fi ń jà. Ọfà wọn ní láti lọ jìnnà, kí ó sì dojú kọ ẹ̀wù irin. Láti kékeré ni àwọn tí ń fà á ti ń fi kọ́ra.

Ẹ wá wo aginjù Kàlàhárì ní ìhà gúúsù Áfíríkà. Ọrun àwọn ọdẹ San kò ju nǹkan bí 20 pọ́ùn lọ, ìdajì garawa, síbẹ̀ wọ́n máa ń fi pa àgùnfọn láyé àtijọ́. Kí ni àṣírí rẹ̀? Oró ni. Lára ìdin kòkòrò kan ni wọ́n ti ń rí i, wọn a sì fi í sára ọfà. Kò pọn dandan kí ọfà wọ inú ẹran lọ títí; kí ó ṣáà ti lu awọ, kí oró kan ẹ̀jẹ̀, ó tán.

Ọ̀nà yìí ni àwọn baba wa náà tọ̀. Ewéko kan ń bẹ ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó máa ń lọ́ mọ́ igi, ìṣágẹ̀rẹ̀ ni a ń pè é. Strophanthus hispidus ni àwọn onímọ̀ ewéko pè é. Inú èso rẹ̀ ni oró wà. N kò ní sọ bí a ti ń sè é fún yín, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án ṣeré, nítorí ọkàn ni ó ń dá dúró. Dókítà John Kirk, tí ó bá David Livingstone rìn lọ sí odò Zambezi láti 1858, bá ìbátan ewéko yìí pàdé lọ́wọ́ àwọn ọdẹ ibẹ̀. Oró náà kan búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ láìmọ̀, ó sì kíyè sí i pé ọkàn òun ń lù díẹ̀díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Thomas Fraser ti Yunifásítì Edinburgh ni ó wá yẹ oró náà wò fínnífínní, ó sì di oògùn tí àwọn dókítà ìgbà náà ń fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń dákú. Ẹni tí ó bá ń pe ọdẹ ayé àtijọ́ ní aláìmọ̀kan, ẹ fi èyí hàn án. Wọ́n tilẹ̀ mọ̀ pé bí a bá gé ojú ọgbẹ́ sọnù, ìyókù ẹran ṣeé jẹ, nítorí oró yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀ láti inú ikùn bí ó ti ń wọ̀ ọ́ láti ojú ọgbẹ́.

Ẹ ti rí i nísinsìnyí ìdí tí ọdẹ inú igbó wa kò fi nílò ọrun garawa méjì. Ewé àti ìtàkùn di ojú mọ́lẹ̀, ẹran kì í jìnnà kí a tó rí i. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni ọrun tí kò gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìtàkùn yóò fi máa dí i lọ́wọ́, tí ọdẹ sì lè fà kí ó dúró jẹ́ẹ́, títí ẹtu yóò fi yí ẹ̀gbẹ́ sí i. Àwọn tí kò lo oró ni ó gbọdọ̀ ní ọrun tí ó le jù bẹ́ẹ̀. Ishi, ará Amẹ́ríkà àtètèkọ́dé tí ó jáde láti inú igbó California ní 1911, a máa fi ọrun tí ó tó 45 pọ́ùn ṣọdẹ ìgalà ilẹ̀ wọn. Lónìí, òfin àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà sọ pé ọrun tí a ó fi pa irú ẹran bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 40 pọ́ùn. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ka oró léèwọ̀.

Gígùn apá náà kò ṣeé gbàgbé. Bí a bá ṣe ń fa ọṣán sẹ́yìn ni ó ń le sí i. Bí apá Táyé bá fi ínṣì méjì gùn ju ti Kẹ́hìndé lọ, ọrun kan náà lè wúwo lọ́wọ́ Táyé ní nǹkan bíi pọ́ùn márùn-ún. Nítorí náà, ọrun tí a fún ọmọ kò lè jẹ́ ti baba rẹ̀. Kí ẹni tí ó fẹ́ mọ ọrun tirẹ̀ ta ọfà ogún sójú kan náà. Bí márùn-ún ìkẹyìn bá ń ṣáko tàbí tí wọ́n ń balẹ̀ kí wọ́n tó dé, ọrun náà ti borí rẹ̀, kí ó gba èyí tí ó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Òjò pẹ̀lú ní tirẹ̀: bí ọṣán bá jẹ́ awọ, omi a máa mú kí ó dẹ̀, agbára ọrun a sì dín kù. Bí a bá sì fi ọṣán sílẹ̀ lára ọrun láti àárọ̀ dálẹ́ lójoojúmọ́, igi náà yóò tẹ̀ láìní lè nà mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń tú u.

Ìbọn ni ó gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ọrun. Etíkun, ní Èkó àti Àgbádárìgì, ni ó ń gbà wọlé, ọwọ́ àwọn tí ó sún mọ́ òkun ni ó sì kọ́kọ́ pọ̀ sí. Nínú ogun Òwu, Samuel Johnson sọ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921 pé ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn Ìjẹ̀bú, nígbà tí àwọn Òwu gbójú lé idà. Ṣakabùlà kò béèrè bí apá ti gùn tó. Ọ̀dọ́mọdé àti arúgbó lè fa okùn-ìfà rẹ̀ bákan náà. Nígbà tí ọdẹ kò ní fa ọṣán mọ́, kí ni yóò mú kí ó kọ́ ọmọ rẹ̀ bí a ti ń yan ọrun?

Ibòmíràn ni a ti ń rí ọrun ọdẹ Yorùbá nísinsìnyí. Láyé àtijọ́, àwọn ará Kétu, ní ilẹ̀ Benin òde òní, a máa bọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ. Nígbà òwò ẹrú, wọ́n kó púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa lọ sí Brazil àti Kúbà, wọ́n sì gbé òrìṣà náà lọ. Títí di òní, àwọn olórìṣà Brazil ń pe àmì Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ní ọfà, orúkọ tí a ń pè é nílé gan-an. Irin ni wọ́n fi ń rọ ọ́, ọrun àti ọfà lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, kò sì sí ọṣán lára rẹ̀ tí apá ẹnikẹ́ni lè fà.