Ǹjẹ́ Socrates Gba Ọlọ́run Gbọ́? Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀sùn Athens ní Ọdún 399 Ṣáájú Ìbí Kristi

Ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Kristi, wọ́n pe arúgbó ẹni 70 ọdún kan lẹ́jọ́ ní ìlú Athens. Socrates ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ń gbẹ́ òkúta ni bàbá rẹ̀, agbẹ̀bí sì ni ìyá rẹ̀. Meletus ni ó pè é lẹ́jọ́, Anytus àti Lycon sì ń tì í lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀sùn náà ní: pé Socrates kò ka àwọn òrìṣà tí ìlú ń bọ sí, pé ó ń mú àwọn ohun ẹ̀mí tuntun wọ̀lú, àti pé ó ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì fún un ní májèlé mu. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń bèèrè bóyá amòye yìí gba Ọlọ́run gbọ́. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ fi Socrates hàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé agbára òkè títí dé ojú ikú, ṣùgbọ́n pé ìbéèrè tí àwa ń bèèrè yàtọ̀ sí èyí tí ìlú Athens bi í.

Socrates kò kọ ìwé kankan sílẹ̀. Ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni a ti gbọ́ nípa rẹ̀. Aristophanes ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú eré Clouds ní ọdún 423, níbi tí ó ti fi í hàn bí ẹni tí ń sọ pé kò sí Zeus. Plato, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, wà níbi ìgbẹ́jọ́. Xenophon kò sí nílé, ojú ogun ni ó wà ní ilẹ̀ Asia. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì ní ìdí láti wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti bára mu ni ó yẹ kí òpìtàn gbé ẹsẹ̀ lé jù lọ.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wà nínú ẹ̀sùn náà ní èdè Gíríìkì ni *nomizein*. Ó bá *nomos* tan, èyí tí í ṣe àṣà tàbí òfin. Ó lè túmọ̀ sí pé ènìyàn rò pé nǹkan wà. Ó sì lè túmọ̀ sí pé ènìyàn ka nǹkan sí bí ìlú ti ń kà á sí. Athens kò ní ìwé mímọ́ tàbí ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí gbogbo ará ìlú gbọ́dọ̀ kà sórí. Ẹbọ, àdúrà àti ọdún ìlú ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí ó bọ̀wọ̀ fún àwọn òrìṣà. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni *theos*. Ọ̀kan náà ni àwọn Gíríìkì ń lò fún Zeus, fún Apollo, àti fún agbára òkè lápapọ̀. Wọ́n lè pè é ní ẹyọ, wọ́n sì lè pè é ní ọ̀pọ̀. Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni Ọlọ́run, ọ̀tọ̀ ni òrìṣà; a kì í sì í ka Ọlọ́run ní méjì. Ẹni tí ó bá bèèrè ní èdè Yorùbá bóyá Socrates gba Ọlọ́run gbọ́ ti fi ipá mú un yan ọ̀kan nínú ohun méjì tí èdè tirẹ̀ kò pín níyà.

Bí ó bá jẹ́ ìwà ni a ó wò, ẹ̀rí Xenophon ṣe kedere: Socrates máa ń rúbọ nílé àti ní pẹpẹ ìlú. Nínú *Phaedo*, Plato sọ pé ọ̀rọ̀ tí ó sọ gbẹ̀yìn kí ó tó kú ni pé kí Crito má gbàgbé àkùkọ tí wọ́n jẹ Asclepius, òrìṣà ìwòsàn, ní gbèsè. Ní kóòtù, Socrates bi Meletus bóyá ohun tí ó ń sọ ni pé òun kò gba òrìṣà kankan gbọ́ rárá. Meletus ní bẹ́ẹ̀ ni. Socrates wá fi hàn pé ẹ̀sùn náà ń ta ko ara rẹ̀: báwo ni ẹni tí ó gba ohun ẹ̀mí gbọ́ yóò ṣe sọ pé kò sí ẹ̀mí?

Síbẹ̀, èsì yìí kò tán ẹ̀sùn náà. Meletus ti yí ẹjọ́ padà láti orí òrìṣà ìlú sí orí pé bóyá òrìṣà wà rárá, Socrates sì dá a lóhùn níbi tí ó ti rọrùn láti dáhùn. Nǹkan mẹ́ta ni ó mú un yàtọ̀ sí àwọn ará ìlú rẹ̀. Èkíní, nínú *Euthyphro*, ó ṣòro fún un láti gba ìtàn àwọn akéwì pé àwọn òrìṣà ń bá ara wọn jà. Èkejì, láti kékeré ni àmì kan ti ń wá bá a; Plato ní ṣe ni ó máa ń dá a dúró, kì í tì í síwájú. Ẹ̀kẹta, Chaerephon ọ̀rẹ́ rẹ̀ bèèrè ní ojúbọ Apollo ní Delphi bóyá ẹnìkan gbọ́n ju Socrates lọ, wọ́n sì ní kò sí. Socrates kò kàn gba èsì yìí bẹ́ẹ̀. Ó lọ dán an wò lọ́dọ̀ àwọn olóṣèlú, àwọn akéwì àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ó sì sọ iṣẹ́ ìbéèrè yìí di ìsìn. Ó sọ fún ilé ẹjọ́ pé bí wọ́n bá ní kí òun jáwọ́, agbára òkè ni òun yóò gbọ́ tirẹ̀, kì í ṣe wọ́n.

Iṣẹ́ tí Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo gbé jáde ní ọdún 1986, lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣègùn Yorùbá, lè ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. Wọ́n fi hàn pé ìmọ̀ ni ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, ìgbàgbọ́ sì ni èyí tí ó gbà lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn Athens, òrìṣà inú ìtàn àwọn akéwì jẹ́ ọ̀ràn ìgbàgbọ́: a gbà á, a sì gbọ́ ọ. Socrates ní tirẹ̀ fẹ́ dán ohun tí ó gbọ́ wò kí ó tó gbà á. Ibẹ̀ ni ewu wà fún ìlú. Ẹni tí ń gbọ́ ohùn òkè fúnra rẹ̀, tí ó sì ń yẹ ọ̀rọ̀ ojúbọ wò, kò sí lábẹ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni nínú ọ̀ràn náà.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. Ní ọdún 404, Sparta ṣẹ́gun Athens, àwọn aláṣẹ 30 sì fi ìpá jọba. Critias, aṣáájú wọn, ti bá Socrates rìn rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Alcibiades, tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní ọdún 415 pé ó fi awo Eleusis ṣẹ̀fẹ̀. Àdéhùn ìdáríjì ọdún 403 kò gbà kí wọ́n pe ènìyàn lẹ́jọ́ nítorí ìṣèlú àtẹ̀yìnwá. Ní nǹkan bí 50 ọdún lẹ́yìn ikú Socrates, Aeschines sọ ní gbangba pé nítorí Critias ni wọ́n ṣe pa á. Èyí kò sọ ẹ̀sùn òrìṣà di irọ́ lásán. Lójú ìlú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú rí àjálù, ẹni tí ó bá àṣà òrìṣà jẹ́ àti ẹni tí ó ba ìlú jẹ́ lè jẹ́ ẹnìkan náà. Síbẹ̀, ohùn wọn kò ṣọ̀kan: Plato ní bí ìbò 30 péré bá ti yí padà, wọn ì bá dá a sílẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi, Justin Martyr ka Socrates mọ́ àwọn Kristẹni tí ó ti wà kí Kristi tó dé. Ìyìn ni, ṣùgbọ́n ó fún un ní ìgbàgbọ́ tí kò jẹ́wọ́. Ẹni tí ó rán ni létí àkùkọ Asclepius kì í ṣe ẹlẹ́sìn Ọlọ́run kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe aláìgbàgbọ́. Ó gbà pé agbára òkè wà, pé ó dára, pé ó sì rán òun níṣẹ́. Èyí tí kò gbà ni pé ìlú ni yóò sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́.

Lẹ́yìn ìdájọ́, Xenophon ní 30 ọjọ́ ni Socrates fi wà lẹ́wọ̀n kí ó tó mu májèlé. Ọkọ̀ ojú omi mímọ́ ti lọ fún ọdún Apollo ní Delos, òfin kò sì gbà kí wọ́n pa ẹnikẹ́ni títí yóò fi padà dé. Ìlú tí ó dá a lẹ́bi pé kò ka òrìṣà sí ni ó dá ikú rẹ̀ dúró nítorí òrìṣà. Apollo kan náà ni Socrates ní ó rán òun níṣẹ́.