Èéfín Lọ́ńdọ̀nù Ní 1952
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èéfín Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 5 oṣù Disẹ́ḿbà, 1952, òtútù mú gidigidi, gbogbo ilé ń dáná èédú. Afẹ́fẹ́ tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ dé afẹ́fẹ́ tútù mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Èéfín kò rí ọ̀nà gòkè. Imí-ọjọ́ inú èédú bá omi kùrukùru pò, ó di ásíìdì, wọ́n sì ń mí in símú fún ọjọ́ 5. Ìjọba ní òkú tó 4,000. Àwọn tí ó kú ní Jánúárì àti Fẹ́búárì ńkọ́? Wọ́n ní infuluẹ́ńsà ni. Èmi kò gbà. Ní 2001, àwọn onímọ̀ tún un ṣírò, ó sún mọ́ 12,000. Òfin tí ó ká èéfín lọ́wọ́ kò jáde títí di 1956.