Banting Tí Ń Tukọ̀ Láàárọ̀: Oúnjẹ Ni, àbí Eré Ìdárayá?

Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, máa ń fi òru tọ́jú àwọn arúgbó níhìn-ín ní Amẹ́ríkà. Ìdúró ni, ìrìn ni, gbígbé ni, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lọ́jọ́ kan, dókítà kan wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní kò lo ara rẹ̀ tó, pé ìdí nìyẹn tó fi sanra. Àǹtí ò dáhùn. Ìgbà tó délé ló bi mí pé, "Ṣé ọ̀lẹ ni mí ni?"

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbéèrè yẹn ló mú mi lọ wo ìtàn àríyànjiyàn yìí: bí èèyàn bá fẹ́ jò, ṣé oúnjẹ ni kó dín kù ni, àbí eré ìdárayá ni kó máa ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Yorùbá, ẹ kọ́kọ́ fi etí sí ọ̀rọ̀ náà "sanra": "san" àti "ara" ni etí ń gbọ́ nínú rẹ̀. Nílé, bí wọ́n bá sọ fún yín pé "o ti rù", àníyàn ló máa ń wà nídìí ẹ̀, kì í ṣe ìyìn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ William Banting. Ìsìnkú ni ìdílé rẹ̀ ń ṣètò. Àwọn ló máa ń bá ìdílé ọba Gẹ̀ẹ́sì sin òkú wọn. Banting ò ga púpọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íńṣì 5 péré ni, àmọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1862, pọ́n-ùn 202 ló wọ̀n. Kò lè bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà ara rẹ̀. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ló ń rìn kí orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ má bàa dùn ún.

Ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ oníṣẹ́-abẹ ti ní kó máa lo ara rẹ̀. Ló bá ń tukọ̀ ní kùtùkùtù, nǹkan bíi wákàtí méjì, kó tó lọ síbi iṣẹ́. Iṣan rẹ̀ le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ebi tó ń pa á wá kọjá kékeré. Bó ṣe ń tukọ̀ tó ló ń jẹun tó, ara rẹ̀ sì ń tóbi sí i. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn náà ló tún ní kó fi í sílẹ̀.

Etí tí kò gbọ́ràn dáadáa ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Dókítà William Harvey. (Kì í ṣe Harvey tó ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ká inú ara o, ìyẹn ti ṣáájú ní ohun tó lé ní igba ọdún.) Harvey ní ọ̀rá ló ń dí etí náà. Ó ní kó jáwọ́ nínú búrẹ́dì, bọ́tà, mílíìkì, ṣúgà, bíà àti pòtétò. Ẹran àti ẹja kò kúrò lórí tábìlì, wáìnì náà ò sì wọ́n níbẹ̀ rárá! Nígbà tó fi di oṣù kẹsàn-án ọdún 1863, Banting ti di pọ́n-ùn 156.

Lọ́dún yẹn kan náà, ó kọ ìrírí rẹ̀ sínú ìwé pẹlẹbẹ kan, ó sì kọ́kọ́ pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn dókítà kan bú u, àwọn aráàlú rà á. Orúkọ rẹ̀ di ọ̀rọ̀-ìṣe. Títí di òní, bí ará Swídìn bá fẹ́ sọ pé òun ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ kí òun lè jò, "banta" ló máa ń sọ.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ò tó ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ náà sì ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ní 1918, Lulu Hunt Peters kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà láti máa ka kálórì, ìyẹn ìwọ̀n agbára inú oúnjẹ. Ní 1956, Jean Mayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa àwọn òṣìṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Bengal, ní Íńdíà: àwọn tó ń jókòó ṣiṣẹ́ sanra ju àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ agbára lọ. Ní 1968, ìwé Kenneth Cooper jáde, sáré-sáré kún òpópónà. Àtìgbà náà ni ó ti rọrùn láti wo ẹni tó sanra, kí a sì rò pé a ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ ilé wa rèé. Púpọ̀ nínú yín mọ Igbó-Ọrà nítorí ìbejì. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Loyola, tí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀ wà ní Maywood lẹ́bàá Chicago, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ìbàdàn, fi àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ti agbègbè Chicago wé àwọn obìnrin Igbó-Ọrà àti Ìdèrè ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Wọn ò gbára lé ohun tí ẹnu ń sọ, torí ẹnu a máa bù mọ́ ọn. Omi ni wọ́n fún wọn mu, omi tí háídrójìn àti ọ́síjìn inú rẹ̀ wúwo díẹ̀ ju ti omi lásán lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń yẹ ìtọ̀ wọn wò láti mọ iye agbára tí ara wọn ti jó.

Àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní 2008. Bí a bá pín in dọ́gba, àwọn ti Chicago wọn pọ́n-ùn 184, àwọn ti Ìbàràpá wọn 127. Àwọn olùwádìí ti rò pé àwọn obìnrin tiwa, tí wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ni yóò máa lo ara wọn jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára tí àwọn méjèèjì ń jó nídìí iṣẹ́ àti ìrìn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ní 2009, wọ́n tún fi hàn pé iye agbára tí obìnrin ń jó kò lè sọ bóyá yóò sanra sí i lọ́dún tó ń bọ̀. Oúnjẹ ni wọ́n nawọ́ sí: ọ̀rá ò pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń jẹ ní Ìbàràpá, ti Chicago sì kún fún ọ̀rá àti oúnjẹ ilé-iṣẹ́. Ní 2012, Herman Pontzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ohun tó jọ ọ́ lára àwọn Hadza ní Tànsáníà, tí ń ṣọdẹ tí wọ́n sì ń wa iṣu inú igbó.

Ẹ má torí èyí jókòó o! Ìrìn àti eré ìdárayá ń ran ọkàn lọ́wọ́, ó ń dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù, ó sì ń jẹ́ kí ẹni tó ti jò má tètè padà sanra. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìwọ̀n ara nìkan kò tó fi mọ ọ̀lẹ.

Mo ka nípa àwọn obìnrin Igbó-Ọrà fún Àǹtí lórí fóònù. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Tún un kà." Mo tún un kà. Ó ní kí n kọ ọ́ sórí ìwé fún òun, òun á mú un dání lọ rí dókítà.