Ẹ Fi Àṣẹ Sílẹ̀, Ìṣẹ̀lẹ̀ Ni Kẹ́ Ẹ Túmọ̀

Láti Ìpókíà dé ẹnubodè Ìdí-Ìrókò kò jìnnà. Ẹ̀ka Yorùbá tí à ń pè ní Ànàgó tí wọ́n ń sọ níhìn-ín náà ni wọ́n ń sọ ní Ìfọ̀nyìn tó wà lábẹ́ ìjọba Bẹ̀nẹ̀. Èdè ilé ẹ̀kọ́ ló yà wọ́n. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìlaròó máa ń sọ pé òun fẹ́ ṣe "upgrade" sáfà (server). Ẹni tó kọ́ ọ ní Àjàṣẹ́ máa ń pè é ní "mise à niveau". Ẹ ní kí àwọn méjèèjì jókòó sídìí sáfà Linux kan, àṣẹ kan náà ni wọ́n máa tẹ̀, lẹ́tà kan kò ní yàtọ̀. Ìgbà tí iṣẹ́ bá dúró lójijì ni wàhálà ń dé, nígbà tí ọ̀kan bá fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún èkejì. Gẹ̀ẹ́sì ẹni ìhín kò wọ ẹni ọ̀hún létí, Faransé ẹni ọ̀hún kò yé ẹni ìhín. Yorùbá nìkan ló kù tí wọ́n jọ ní.

Nítorí náà, níbi tí a wà yìí, ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ sáfà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àṣà lásán, irinṣẹ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kò pọ̀. Àṣẹ tí a ń tẹ̀ àti orúkọ irinṣẹ́, ká fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí sáfà ni ká wá Yorùbá fún, ká sì wá a láàárín ọ̀rọ̀-ìṣe, torí ibẹ̀ ni agbára èdè wa wà.

Àwọn àgbà ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún wa. Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde; apá kejì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tẹ̀ lé e ní 1990. Irú iṣẹ́ yìí ló mú kó rọrùn fún olùkọ́ láti fi Yorùbá kọ́ni ní gírámà àti lítíréṣọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ àbínibí bá ti lè ṣiṣẹ́, a lò ó: ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe, gbólóhùn. Ibi tí yíyá bá ti sàn jù, a yá a, a sì kọ ọ́ bí ẹnu wa ṣe lè pè é: sílébù, fóníìmù, mọ́fíìmù. Ọ̀nà méjèèjì ṣì dára. Àmọ́ olùkọ́ ní àkókò láti jókòó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tuntun fún kíláàsì. Ẹni tí sáfà ilé ìwòsàn kọṣẹ́ mọ́ lọ́wọ́ lóru, tí iná ti lọ, tí epo jẹnẹrétọ̀ ń tán lọ, kò ní àkókò yẹn. Ọ̀rọ̀ tó bá kà gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ máa ṣe fún un.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Linux ni ètò tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland ní 1991. Ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ni Debian, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993. Ubuntu, tó jáde ní 2004, sì dúró lórí Debian. Ká ní ẹnìkan fẹ́ gbé sáfà Ubuntu kúrò ní 22.04 lọ sí 24.04, èyí tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Kó tó tẹ do-release-upgrade tó ń ṣe ìyẹn, ó yẹ kó kọ́kọ́ lo apt, irinṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn ètò orí sáfà: kó tẹ apt update, kó sì tẹ apt upgrade tẹ̀ lé e. Àwọn kan ń pe àṣẹ méjèèjì yìí ní "ìmúdójúìwọ̀n", ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. update kì í pààrọ̀ ohunkóhun. Àkójọ ohun tó wà nílẹ̀ ló ń tún kà. upgrade ló ń fi tuntun pààrọ̀ ti àtijọ́. "Tún àkójọ kà", "pààrọ̀ ti àtijọ́": ẹni tó bá gbọ́ ìwọ̀nyí kò ní rò pé iṣẹ́ ti parí nígbà tí kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Bó ti tẹ upgrade, apt dá a lóhùn pé òun kò rí "lock" gbà ní /var/lib/dpkg/lock-frontend. Bí a bá túmọ̀ ìyẹn sí àgádágodo, kí là ń ṣe sí àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wa? Ṣe là ń já a. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe gan-an nìyẹn: wọ́n á fi rm pa fáìlì náà rẹ́, wọ́n á tún àṣẹ tẹ̀. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ mìíràn ló wà lórí àkọsílẹ̀ dpkg, irinṣẹ́ tí apt ń lò lábẹ́, lásìkò yẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, unattended-upgrades ni, èyí tó máa ń dá fi àtúnṣe ààbò sí sáfà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Bí iṣẹ́ méjì bá jọ ń kọ nǹkan sínú àkọsílẹ̀ kan, àkọsílẹ̀ ọ̀hún lè dàrú. Yorùbá tó yẹ ibẹ̀ ni "ó wà lọ́wọ́ iṣẹ́ mìíràn". Ẹni tó bá gbọ́ pé nǹkan wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ̀ pé kí òun dúró ni, tàbí kí òun wádìí ẹni tó mú un. Apt tuntun tilẹ̀ máa ń sọ orúkọ iṣẹ́ tó mú un àti nọ́ńbà rẹ̀. Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ ní kó já ilẹ̀kùn, èkejì ní kó ní sùúrù. Ìtumọ̀ tó bá ti ọwọ́ ẹni sínú ewu, bó ti wù kó péye tó nínú ìwé atúmọ̀, kò dára.

"Package" ni mo fẹ́ ká máa pè ní ìdì. Àwọn oníṣòwò wa tó ń ná Kútọnu mọ ìdì aṣọ dáadáa: béèlì òkìrìkà tí a dì pinpin kò tíì di ọjà. Ó dìgbà tí a bá tú u, tí a tò ó, tí a ya ṣẹ́ẹ̀tì kúrò lára ṣòkòtò, kó tó ṣeé tà. Bí dpkg ṣe ń ṣe é nìyẹn. Yóò kọ́kọ́ tú ìdì, yóò kó fáìlì rẹ̀ sí àyè wọn. Lẹ́yìn náà ni yóò tò wọ́n, kí wọ́n lè bá àwọn tó ti wà nílẹ̀ ṣiṣẹ́. Bí iná bá lọ lẹ́yìn títú tí títò kò tíì parí, Gẹ̀ẹ́sì á ní ìdì náà ti di "broken". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ìyẹn ní fífọ́. Ohun tó bá fọ́, a máa ń dà á nù ni, ká ra òmíràn. Mélòó kan lára àwọn ọ̀dọ́ wa ló sì ń pa gbogbo sáfà rẹ́ torí pé ohun kan ní ó "fọ́". Iṣẹ́ àbọ̀ ni. Ẹni tó bá gbọ́ iṣẹ́ àbọ̀ mọ̀ pé píparí ló kù, àṣẹ tó sì ń parí rẹ̀ ni dpkg --configure -a. Bó bá tẹ dpkg -l, yóò rí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìdì kọ̀ọ̀kan: ii ni èyí tí a tú tí a sì tò parí, iU ni èyí tí a tú tí a kò tíì tò, iF ni èyí tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tò tí kò yọrí. Tú, tò, parí: ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta tí ọmọdé mọ̀ ló kárí ohun tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì fi odindi orí kan ṣàlàyé.

"Dependency" náà ti wà nínú èdè wa tipẹ́: gbára lé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ "ìgbáralé" kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ló ń ṣàlàyé. "Àwọn ìgbáralé tí a kò bá pàdé" kò jọ ohun tí Yorùbá kan lè la ẹnu sọ. Ká sọ pé "ohun tí ìdì yìí gbára lé kò sí", tàbí "ohun tó gbára lé wà, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ni". Ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì, ọ̀tọ̀ sì ni ohun tí a ń ṣe sí wọn. Bí kò bá sí, ó lè jẹ́ pé a kò tíì fi ibi tí ìdì náà wà kún àkójọ tí apt ń kà. Bí ó bá jẹ́ ti àtijọ́, ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ti fi apt-mark hold dá a dúró, tàbí pé ìdì tí a gbà láti ibòmíràn ló dínà. Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ "unmet". Yorùbá lè yà wọ́n, nítorí náà, ká yà wọ́n.

Àwọn orúkọ kan sì wà tí a kò gbọ́dọ̀ fipá túmọ̀. Ẹni tó bá ṣí ìwé atúmọ̀ wá "kernel" á bá èkùrọ́ pàdé. Bó bá wá "root", á bá gbòǹgbò. Èkùrọ́ kò wúlò fún ẹni tí /boot rẹ̀ kún. Kó máa jẹ́ kernel bí mọ́fíìmù ṣe ń jẹ́ mọ́fíìmù, kí root náà máa jẹ́ root, torí pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ̀lẹ̀ ibẹ̀ ni ká fi Yorùbá sọ: àwọn kernel àtijọ́ ti gba àyè tán ní /boot, tuntun kò ríbi dúró sí, apt autoremove --purge ló ń kó àwọn tí a kò lò mọ́ kúrò. Bó bá parí, "pa á, kí o tún un tàn", gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun fún ìyẹn ń wá ohun tí kò sọnù.

Ọ̀rọ̀ "àṣẹ" gba ìṣọ́ra. A ti ń lò ó fún ohun tí a ń tẹ̀. Bí a bá tún lò ó fún "permission", ẹni tó kà pé "kò sí àṣẹ" kò ní mọ̀ bóyá ohun tó tẹ̀ ni kò sí lórí sáfà, àbí òun ni wọn kò gbà láàyè láti tẹ̀ ẹ́. Kí àṣẹ jẹ́ ti ohun tí a ń tẹ̀, kí ìyọ̀ǹda jẹ́ ti ẹni tí a gbà láàyè.

Èyí tó ń ṣèpalára jù lójú mi ni "àṣìṣe" tí ọ̀pọ̀ atúmọ̀ ń fi rọ́pò "error". Létí Yorùbá, àṣìṣe ní ẹni tó ṣe é. Ẹni tó bá kà á á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí òun ti tẹ̀ ẹ́ sódì, nígbà tó jẹ́ pé dísìkì ló kún tàbí íntánẹ́ẹ̀tì ló já. apt máa ń fi E: síwájú ohun tó dá iṣẹ́ dúró, ó sì ń fi W: síwájú ohun tó fẹ́ ká kíyè sí. Ìkùnà ni kí E: jẹ́, ìkìlọ̀ ni kí W: jẹ́. Ìkùnà ń ní ká wádìí, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Bí a bá ti fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀, kíkọ rẹ̀ ló kù, ẹnubodè sì tún dá wa dúró níbẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ là ń kọ ní Nàìjíríà. Ɛ, ɔ àti sh ni wọ́n ń kọ ní Bẹ̀nẹ̀. CLDR, àkójọ ìsọfúnni èdè tí Unicode ń tọ́jú, ya yo sọ́tọ̀ sí yo-BJ: ọjọ́ tiwa ni ɔjɔ́ tiwọn, oṣù tiwa ni oshù tiwọn. Àyípadà lẹ́tà ni, ètò kékeré kan sì lè yí ọ̀kan sí èkejì. Ìṣòro tó fara sin ju ìyẹn lọ wà nínú ìkọ̀wé tiwa gan-an. A lè tẹ ẹ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, a sì lè tẹ e ká fi àmì sí i lábẹ́. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú grep, àṣẹ tó ń bá wa wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tó bá wá "ẹrù" nínú àkọsílẹ̀ lè má rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó bá máa kó ọ̀rọ̀ jọ yí gbogbo rẹ̀ sí ìlànà NFC, tó ń sọ e àti àmì abẹ́ rẹ̀ di lẹ́tà kan, kó tó fi ránṣẹ́.

Linux ti fi àyè sílẹ̀ fún wa. yo_NG, orúkọ tí wọ́n fún Yorùbá ti Nàìjíríà, wà nínú àkójọ èdè tí glibc, tí àwọn ètò orí Linux gbára lé, mọ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá yan Yorùbá lórí sáfà rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni apt máa fi dá a lóhùn, torí pé kò sí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀. Èdè Wales wà níbẹ̀. Dzongkha tí wọ́n ń sọ ní Bhutan wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń sọ ọ́ kò tó ìdá mẹ́wàá àwa tó ń sọ Yorùbá. Iṣẹ́ náà tilẹ̀ rọrùn fún wa ju fún ọ̀pọ̀ èdè lọ: ọ̀rọ̀-orúkọ wa kì í yí padà nítorí ọ̀pọ̀, ìdì 1 ni, ìdì 20 ni, nítorí náà gbólóhùn kan tó fún wa níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní láti kọ méjì. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá ń ka Yorùbá kò ní lè wá ìrànwọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Bó bá fi LC_ALL=C síwájú àṣẹ rẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà á yọ sí i gẹ́lẹ́ bó ṣe wà.

Federal Polytechnic tó wà ní Ìlaròó láti 1979 ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá kí wọ́n tó jáde. Ẹ̀yin olùkọ́ wọn, mo bẹ̀ yín, ẹ fún ẹgbẹ́ kan lára wọn ní fáìlì yo.po, tí ìtumọ̀ Yorùbá ti apt máa wà nínú rẹ̀, láti ṣe, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn gbólóhùn tó ní E: àti W:, torí àwọn yẹn là ń kà nígbà ìṣòro. Kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, kí wọ́n gbé e kọjá Ìdí-Ìrókò, kí wọ́n kà á fún Ànàgó kan tí kò kọ́ Gẹ̀ẹ́sì rí. Gbólóhùn tí kò bá yé e, kó má wọ inú fáìlì náà.