Netflix àti Owó Oníbodè

Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ní ọdún 1997 ni Reed Hastings àti Marc Randolph dá Netflix sílẹ̀ ní California, ní Amẹ́ríkà. Àwo fíìmù ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi ránṣẹ́ sí ilé àwọn oníbàárà nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ní ọdún 2000, wọ́n fi ilé-iṣẹ́ náà lọ Blockbuster, àgbà nínú òwò fíìmù yíyá, ní 50 mílíọ̀nù dọ́là, Blockbuster kọ̀. Ní ọdún 2010, gbèsè gbé Blockbuster dé ilé-ẹjọ́.

Netflix kò dúró de ìgbà kí ó tó yí. Ní ọdún 2007, nígbà tí òwò àwo ṣì ń mówó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fíìmù gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyípadà náà ní ìnira tirẹ̀: ní ọdún 2011, tí ó ya owó òwò méjèèjì sọ́tọ̀, nǹkan bí 800,000 oníbàárà ni ó fi í sílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta.

Ní ọdún 2016 ó dé Nàìjíríà. Ní ọdún 2022, ayé wo Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan níbẹ̀, ní èdè Yorùbá. Ó dùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ọ̀nà ni í gba owó oníbodè. Bí ìtàn wa bá ń gba ọ̀nà ẹlòmíràn kọjá, èló ni yóò kù fún ẹni tí ó ni ìtàn?