Ọjọ́ Tí Wáyà Abẹ́ Òkun Já

Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, ọjọ́ kẹrin ààwẹ̀ Ràmàdáánì.

Aago márùn-ún ìdájí

Iná ti wà lójú fèrèsé gbogbo ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Sààrì là ń jẹ. Bí mo ṣe ń mu ẹ̀kọ, bẹ́ẹ̀ ni mo ń yẹ fóònù wò, nítorí iṣẹ́ tí mò ń ṣe kì í sùn.

Ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó ń dàgbà ni mo wà. A kì í bá oníṣòwò, bí aláṣọ ọjà Balógun, dòwò pọ̀ tààrà. Ọ̀nà ìsanwó la là sílẹ̀, API, tí ẹni tó bá ń kọ áàpù lè so mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2016 tí Paystack àti Flutterwave ti jáde l'Ékòó, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò ṣòro fún ọ̀dọ́ láti lò mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́lé sórí ọ̀nà wa ni mò ń bójú tó.

Aago mẹ́jọ àárọ̀

Mo dé ọ́fíìsì ní Broad Street. Nínú ẹgbẹ́ wa lórí WhatsApp, ọmọbìnrin kan ti béèrè: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o. Webhook mi ò wọlé láti àná.” Webhook ni iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà wa máa ń rán sí kọ̀ǹpútà oníbàárà pé owó ti dé. Kí n tó dáhùn, ọ̀dọ́kùnrin kan láti Ìdúmọ̀tà ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún un: “Wo àdírẹ́sì yẹn dáadáa, lẹ́tà kan ló sọnù níbẹ̀.”

Lọ́dún àkọ́kọ́, èmi nìkan ni mò ń dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara wọn lóhùn ni mo tó gbà pé ohun tí a kọ́ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Aago mọ́kànlá

Nǹkan yí padà. Owó ń lọ, kò dé. Kóòdù tuntun la gbé sókè lálẹ́ àná, a sì rò pé àwa la ṣẹ̀. Àwọn ẹnjiníà dá a padà sí ti tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ pàbó ló já sí. Nígbà tí àwọn ará ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé láti Ìbàdàn àti Àkúrẹ́ pé báǹkì tiwọn náà ò ṣiṣẹ́, la mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju ilé wa lọ.

Aago kan ọ̀sán

Ìròyìn dé: wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ti já lábẹ́ òkun nítòsí Àbíjáànì, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Àwọn kan fura pé ilẹ̀ ló yẹ̀ nísàlẹ̀ òkun. Oṣù tó ṣáájú ni àwọn wáyà mìíràn já nínú Òkun Pupa, nítorí náà ọ̀nà ẹ̀bùrú ti dín kù.

Mo dúró lójú fèrèsé, mò ń wo Marina. Láti ọdún 1886 tí wáyà tẹlígíráàfù ti so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀rọ̀ wa ti ń gba abẹ́ omi kọjá. Ohun tí mi ò tíì fi ọkàn gbé rí ni pé owó aláṣọ Balógun náà ń gba ibẹ̀. Báǹkì tirẹ̀ wà ní Marina, ti oníbàárà rẹ̀ wà ní Broad Street, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ń jíṣẹ́ láàárín wọn, ilẹ̀ Yúróòpù la ti háyà rẹ̀.

Aago mẹ́ta

Mo gba Balógun lọ. Àlhájà kan jókòó pẹ̀lú lẹ́ẹ̀sì lórí itan rẹ̀, oníbàárà na fóònù sí i lójú.

“Àlhájà, wọ́n ti yọ owó mi o. Ẹ wò ó.”

“Ọmọ mi, mo gbà ẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n àlẹ́ẹ̀tì ò tíì dé.”

Oníbàárà náà fẹ́ san án lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀dọ́kùnrin Ìdúmọ̀tà àárọ̀ yẹn, tó kọ áàpù ọjà fún Àlhájà, ti sáré dé. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́.” Ó ṣàlàyé pé owó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí nọ́ńbà kan náà bá wá nígbà ọgọ́rùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ètò wa máa gbà á. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ òmíràn, nọ́ńbà tuntun ló máa yọ, owó á sì lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Àlhájà fa ìwé kan yọ lábẹ́ káńtà, ó fi bírò pupa kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Ó ká lẹ́ẹ̀sì, ó fi sí láílọ́ọ̀nù, ó gbé e fún oníbàárà náà.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ilé-iṣẹ́ wa tó pẹpẹ: a mọ báǹkì, a mọ òfin. Ṣùgbọ́n akèrègbè Balógun, ọwọ́ ọmọ Ìdúmọ̀tà ló wọ̀ ọ́.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́

Mo ní kí ọ̀dọ́kùnrin náà sọ àlàyé rẹ̀ sínú fóònù ní Yorùbá, kò tó ìṣẹ́jú kan. Àwọn ará ẹgbẹ́ tún un sọ ní Haúsá àti Ígbò. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sọ ọ́ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀.

Aago méje alẹ́ kù díẹ̀

Ládánì pe ìrun. Mo fi dàbínù àti omi ṣínu. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń padà díẹ̀díẹ̀ gba orí àwọn wáyà tí kò já. Equiano wà lára wọn, èyí tí Google gbé dé Èkó lọ́dún 2022, tí wọ́n fi sọrí Olaudah Equiano, ẹni tí wọ́n tà lẹ́rú kọjá òkun. Fóònù mi dún. Àlhájà ni.

“Ó ti wọlé, ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni.”

Aago mẹ́wàá alẹ́

Mo kọ ohun méjì sí ọ̀gá mi. Àkọ́kọ́: kí a ní kọ̀ǹpútà tiwa níbí, kí owó tí kò kúrò l'Ékòó má máa gba òkun kọjá mọ́. Èkejì: ojú ìwé tó máa kọ́ni ní ohun tí a ń ṣe bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ọmọ Ìdúmọ̀tà ni kó kọ ọ́, kí a sanwó fún un, kí orúkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ó fọwọ́ sí èkejì lóru ọjọ́ náà. Ti àkọ́kọ́ gba oṣù mélòó kan.

Ìwé Àlhájà ṣì wà lábẹ́ káńtà rẹ̀. Nọ́ńbà ọjọ́ náà wà níbẹ̀, ó ti fi bírò pupa fa ìlà kọjá lórí rẹ̀.